Ohùn Tó Ń Pẹ́ Dé Etí: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Gba Orin Sílẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Nílé

Bí akọrin bá wọ headphone, tó ń kọrin sínú máìkì, tí ohùn rẹ̀ sì ń dé etí rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, orin ò lè jókòó dáadáa. Ó tilẹ̀ ń yọ onílù lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọwọ́ rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn, nítorí ohùn tó pẹ́ ló ń tẹ̀ lé. Latency ni àwọn oníṣẹ́ ohùn ń pè é, ṣùgbọ́n ìṣòro méjì ló ń jẹ́ orúkọ yìí. Èkínní ni kí ẹ máa gbọ́ ara yín pẹ́ bí ẹ ṣe ń gbohùn sílẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì ni kí ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ìlù tó ti wà nílẹ̀, nígbà tí ẹ bá tún un gbọ́. Ohun tó ń wo ọ̀kan sàn kì í wo èkejì. Èkínní la ó kọ́kọ́ mú.

Ibi tí àkókò ń wọlé sí

Máìkì so mọ́ interface, àpótí kékeré tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Nọ́ńbà yìí gba wáyà USB lọ sínú kọ̀ǹpútà, driver (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá interface sọ̀rọ̀) gbà á, ó gbé e fún ètò ìgbohùnsílẹ̀ bíi Reaper tàbí Cubase, lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà kan náà padà sínú headphone. Kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ lórí ohùn bó ṣe ń dé. Ó máa ń dúró kó ìwọ̀n kan jọ kó tó fọwọ́ kàn án. Ìwọ̀n yẹn ni buffer, sample (ègé ohùn kéékèèké tí a ti sọ di nọ́ńbà) ni wọ́n sì fi ń kà á. Bí sample rate (iye sample láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) bá jẹ́ 48,000 Hz, buffer 256 jẹ́ 256 tí a fi 48,000 pín: 5.3 ms. (1 ms jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.) Nígbà tó ń wọlé ó dúró lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ń jáde ó tún dúró, ó di 10.7 ms. Interface àti USB á tún fi ms díẹ̀ kún un. Buffer 128 á fún yín ní 5.3 ms ní àlọ àti àbọ̀, 512 á di 21.3, 1024 á sì di 42.7.

Mélòó ló ti pọ̀ jù? Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rìn tó mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 ní 1 ms. Onílù gángan tó dúró ní mítà mẹ́ta sí akọrin, ohùn ìlù rẹ̀ ń lo nǹkan bíi 9 ms kó tó dé ọ̀dọ̀ akọrin, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn. Nítorí náà, bí àpapọ̀ bá wà lábẹ́ 10 ms, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Bó bá ti kọjá 20, onílù á mọ̀ ọ́n lára. Akọrin ló tètè ń fura jù, torí pé egungun orí rẹ̀ ti gbé ohùn rẹ̀ dé etí inú kí ti headphone tó dé.

Ẹ yẹ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná

Bó bá jẹ́ ohùn ẹnu tàbí ìlù lẹ ń gbà sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti parí níbí. Lára ọ̀pọ̀ interface, Scarlett 2i2 àti Behringer UMC202HD pẹ̀lú, bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ Direct Monitor sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ohùn máìkì á gba inú interface lọ tààrà sí headphone, kò ní dé kọ̀ǹpútà kó tó dé etí yín, bí a bá tilẹ̀ gbé buffer sí 1024. Bọ́tìnì yíyí ni AudioBox USB 96 ní: apá kan fún máìkì, apá kejì fún ohun tó ń ti kọ̀ǹpútà bọ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: ẹ pa monitoring (gbígbọ́ ohùn máìkì láti inú kọ̀ǹpútà) ti track náà (ìlà tí ẹ ń gba ohùn sí) nínú ètò ìgbohùnsílẹ̀. Bí ẹ ò bá pa á, ohùn méjì lẹ ó máa gbọ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ ó sì rò pé bọ́tìnì ò ṣiṣẹ́.

Àwọn akọrin kan á ní ohùn náà gbẹ jù, wọ́n ń fẹ́ reverb (ohùn tó ń dún padà bíi ti inú gbọ̀ngàn) létí. Ẹ tan monitoring padà, ẹ fi reverb sórí track náà, kí ẹ sì fa dry rẹ̀ (ohùn gan-an) wálẹ̀ dé òdo, kó ku wet (reverb) nìkan. Ohùn gan-an á gba Direct Monitor, reverb á gba kọ̀ǹpútà. Bí reverb bá fi 15 ms pẹ́, kò ba nǹkan kan jẹ́, nítorí ohun tó ń tẹ̀ lé ohùn lẹ́yìn ni reverb fúnra rẹ̀.

Ẹ má lo headphone Bluetooth fún iṣẹ́ yìí láé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń pẹ́ tó 100 sí 200 ms, kò sì sí buffer tó lè tún un ṣe. Bó bá jẹ́ máìkì USB bíi Blue Yeti lẹ ní, ara máìkì náà ni kí ẹ ki headphone bọ̀, kì í ṣe ara láptọ́ọ̀pù.

Bí kò bá sí ọ̀nà àtiyẹ kọ̀ǹpútà sílẹ̀

Dùùrù MIDI (èyí tó ń fi àṣẹ, kì í ṣe ohùn, ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà), àti gìtá tó ń gba inú plugin (ètò kékeré tó ń yí ohùn padà) kọjá, inú kọ̀ǹpútà ni ohùn wọn ti ń wá. Níbí ni driver àti buffer ti wúlò.

Lórí Windows, nínú àwọn ọ̀nà tí ohùn lè gbà, MME ló pẹ́ jù, WASAPI sàn jù ú lọ, ASIO ló dára jù. Ilé iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì ló gbé ASIO jáde ní 1997, kí ohùn má bàa gba àárín Windows kọjá mọ́. Ẹ lọ gba driver lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe interface yín. Nínú Reaper, ẹ ṣí Options, Preferences, Audio, Device. Ẹ mú ASIO, kí ẹ sì yan orúkọ interface náà. ASIO4ALL ń ranni lọ́wọ́ fún ohun èlò tí kò ní driver ASIO tirẹ̀, àmọ́ driver Windows náà ló ṣì ń lò lábẹ́. Bí interface yín bá ní tirẹ̀, ẹ fi ASIO4ALL sílẹ̀. Ẹni tó ń lo Mac ò nílò ASIO, Core Audio ti wà níbẹ̀.

Ẹ wá ṣí ASIO Configuration, kí ẹ gbé buffer sí 128. Ẹ jẹ́ kí orin yín dún dé ibi tó kún jù. Bí ohùn bá ń já, tó ń ta pá-pá-pá, ẹ gbé e sí 256. Nígbà tí ẹ bá parí gbígbà, tó ku kí ẹ po ohùn pọ̀, ẹ gbé e lọ sí 1024, kí kọ̀ǹpútà lè mí. A kì í fi buffer kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Gbígbé sample rate lọ sí 96,000 ń dín àkókò kù lóòótọ́, àmọ́ ó ń sọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà di ìlọ́po méjì. Kò tọ́ sí i.

Bó bá ṣì ń pẹ́ pẹ̀lú buffer kékeré, ẹ wo àwọn plugin. EQ (èyí tó ń tún ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe) oní-linear phase, limiter (èyí tó ń dá ohùn tó pariwo jù dúró) tó ń wo iwájú, àti èyí tó ń yọ ariwo kúrò lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún sample kún un. Orí master (ibi tí gbogbo track ń gbà jáde) ni wọ́n sábà ń sá pamọ́ sí. Reaper ń kọ iye tí plugin fi kún un sísàlẹ̀ fèrèsé FX. Ẹ pa wọ́n títí ẹ ó fi gbà tán.

Bó bá ń já ní 256 pàápàá

Ẹ má tíì sáré ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ kọ́kọ́ pa Wi-Fi, torí driver rẹ̀ wà lára àwọn tó máa ń dá ohùn dúró jù. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ LatencyMon á sọ driver tó ń fa wàhálà bí ẹ bá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ yọ interface kúrò lára USB hub, kí ẹ kì í bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Power Options: ẹ yan High performance, kí ẹ sì pa USB selective suspend. Ẹ ṣe é fún On battery àti Plugged in, ẹ má ṣe fún ọ̀kan ṣoṣo. Nílé wa níbí, NEPA lè mú iná lọ láàárín orin, láptọ́ọ̀pù á bọ́ sórí bátìrì, á dẹ ìyára rẹ̀ wálẹ̀ láti fi iná pamọ́, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Inverter kékeré tó gbé láptọ́ọ̀pù àti interface nìkan ń gbani lọ́wọ́ èyí.

Bí ohun tí ẹ gbà bá ń bọ́ sẹ́yìn

Èyí ni ìṣòro kejì. Driver ló ń sọ fún ètò ìgbohùnsílẹ̀ iye àkókò tó ń lò, ètò náà á sì ti ohùn síwájú bó ṣe yẹ. Bí driver bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo track á máa pẹ́ ní iye kan náà.

Ẹ fi wáyà kan so output interface mọ́ input rẹ̀, kí ẹ pa monitoring àti Direct Monitor kó má bàa hó. Ẹ fi ohùn click kan (ohùn kúkúrú bíi ìpàtẹ́wọ́ kan) sórí track, kí ẹ jẹ́ kó dún, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ lórí track mìíràn. Ẹ sọ àwòrán ohùn náà di ńlá (zoom), kí ẹ ka àlàfo àárín click méjèèjì. Bó bá jẹ́ 480 sample ní 48,000, 10 ms nìyẹn. Nínú Reaper, ẹ kọ ọ́ sí Output manual offset, ní Preferences, Audio, Recording. Audacity, ètò ìgbohùnsílẹ̀ mìíràn, ń bẹ̀rẹ̀ láti -130 ms ní Latency compensation. Bó bá ṣì pẹ́ ní 25 ms, ẹ sọ ọ́ di -155. Ẹ tún un wọ̀n bí ẹ bá yí buffer, driver tàbí sample rate padà.

Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ orin ṣe déédéé, tó wá ń yà sí i títí dé ìparí, offset kò lè tún un ṣe. Aago méjì ló wà níbẹ̀: máìkì USB ń fi tirẹ̀ gbà, káàdì ohùn láptọ́ọ̀pù ń fi tirẹ̀ gbé jáde, wọn ò sì bára mu. Ohun èlò kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn fún input àti output.