Kọ́sítọ́mà tí kò ní mọ́tò: bí mo ṣe ṣètò ọ̀kan láti Agége wá sí Yábàá

Lẹ́nu iṣẹ́ àwa obìnrin tó ń bá ọkùnrin sùn gbowó, bí kọ́sítọ́mà bá gbé mọ́tò wá, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó wọ dánfó wá ò ní nọ́ńbà tí a lè kọ. Àǹfààní kan wà ńbẹ̀ o: kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ nínú ọkọ̀ kó gbé ẹ gba ọ̀nà Lẹ́kì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni pé ọkọ̀ máa ń wọ́n lójú pópó bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọkùnrin tí kò rí ọkọ̀ padà sílé ní aago mọ́kànlá alẹ́, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ìgbà tó dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó ṣe máa padà sílé ni mo kọ́kọ́ ń tò, kí n tó to bó ṣe máa dé.

Ọjọ́ Ẹtì niṣẹ́ yìí, wákàtí méjì, òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí kò jìnnà sí Sábó. Ọkùnrin náà ń bọ̀ láti Agége.

Kí n tó dárúkọ owó, mo ti bi í ní ìbéèrè mẹ́ta lórí WhatsApp: "Ọ̀gá mi, ibo lẹ ti ń bọ̀? Kí lẹ máa wọ̀? Aago mélòó lẹ fẹ́ máa padà?" Ìkẹta ni mò ń ṣọ́. Ẹni tó mọ̀nà á dáhùn kíá. Tiẹ̀ ni pé: "Màá wọ dánfó Oṣòdì ní Yábàá, màá tún wọ ti Agége níbẹ̀. Kó tó di aago mẹ́sàn-án." Ìdáhùn gidi nìyẹn. Ẹni tó bá ní "ìyẹn ò le, a máa rí i ṣe," òun ló máa padà di ẹrù sí ẹ lọ́rùn lóru, tí á máa bẹ̀ ẹ́ kóun sùn dájí lórí owó wákàtí méjì.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Kò burú, ó dé Agége, ó sì dúró ní Yábàá. Ṣùgbọ́n káàdì Cowry, tí èèyàn ń kówó sí ṣáájú, ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, wọn kì í gbowó lọ́wọ́, kò sì ní káàdì. Èmi náà ò gbọ́kàn lé e fún ìpadà alẹ́. Mo ní kó kúkú wọ dánfó. Ẹ kíyè sí ẹni tó bá ní ọ̀kadà lòun máa gùn dé Yábàá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Lagos Mainland, Sùúrùlérè, Ìkẹjà àti Ẹ̀tì-Ọ̀sà. Nínú kí wọ́n gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, àti kí ọlọ́kadà náà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ dúró dè é níta, ọ̀kan ò dáa fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àsansílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo ń gbà, tíránsífà nìkan. Kì í ṣe torí owó náà. Bó bá ti wọlé, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì á jáde, ìyẹn sì ni nọ́ńbà ọkọ̀ ti ẹni tí kò ní ọkọ̀. Mo fi wé orúkọ tó sọ fún mi, mo tún yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí Truecaller, áàpù tó ń fi orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà hàn. Ti ọkùnrin yìí bára mu. Bí orúkọ obìnrin bá jáde, tàbí orúkọ ilé iṣẹ́, mo máa ń béèrè. Àlàyé kan lè wà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó tó kúrò nílé. Mo ya àwòrán ojú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ mi, pẹ̀lú orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti aago tí mo máa jáde.

Èmi kì í fowó mọ́tò ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà. Àwọn kan á ní kí o bá àwọn san owó kẹ̀kẹ́ bí àwọn bá dé, pé àwọn ò ní ṣéńjì. Ẹni tí kò lè san owó kẹ̀kẹ́ fẹ́ san owó yàrá?

A fi ìpàdé sí aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Oṣòdì kì í ṣeré, torí náà mo ti sọ fún un ṣáájú pé ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni mo ń fi dúró, àti pé aago mi máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá bá tì, kì í ṣe nígbà tó kúrò ní Agége. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú ni o. Ẹni tó ti fi wákàtí méjì jókòó sínú dánfó máa ń rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún òun. Mo ní kó tan ibi tó wà sílẹ̀ lórí WhatsApp kí n máa rí i bó ṣe ń bọ̀. Ó pẹ́ ní ogójì ìṣẹ́jú, mo sì ń rí i pé ọkọ̀ ló há.

Ibi ìpàdé kì í ṣe iwájú òtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe abẹ́ bíríìjì. Mo mú ilé ìtajà oògùn kan tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń tà títí di alẹ́, èmi sì dúró sí òdìkejì títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbàdo. Ọkọ̀ tó ti ń bọ́ sílẹ̀ ni mò ń wò. Èèyàn mẹ́rin ló bọ́ọ́lẹ̀ nínú dánfó náà: ìyá kan pẹ̀lú agbọ̀n, ọmọdékùnrin kan, òun, àti ọkùnrin kan tó wọ fìlà. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń lo ojú. Bí méjì bá jọ bọ́ọ́lẹ̀ tí wọ́n ò bára wọn sọ̀rọ̀, wo ẹsẹ̀ wọn, má wo ojú. Ẹni tí kò mọ ẹnìkejì á ti lọ kí ẹnìkejì tó tún ṣòkòtò ṣe. Ẹni tó bá ń fa ẹsẹ̀, tó yà ra gálà, tó tún gbé fóònù sétí tí kò sọ̀rọ̀, ó ń dúró de ẹnìkan ni. Onífìlà ré títì kọjá ó gba ọ̀nà Tẹ̀júòṣó, kò bojú wẹ̀yìn. Mo tún fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, mo sì pe kọ́sítọ́mà náà lórí fóònù kí n lè rí i pé òun ló gbé e. Ìgbà yẹn ni mo tó sọdá.

"Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá mi. Ọkọ̀ ti lù yín pa."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Oṣòdì ò ṣeé rìn."

A fẹsẹ̀ rìn lọ, òun níwájú díẹ̀. Kò sí ìdí tí a ó fi wọ kẹ̀kẹ́ fún ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìrìn yẹn náà sì ń jẹ́ kí n rí bó ṣe ń rìn, bóyá ó ti mutí.

Ní tábìlì òtẹ́ẹ̀lì, òun ló san owó yàrá, èmi ni mo sọ fún ẹni tó wà ńbẹ̀ pé kó kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo fi nọ́ńbà yàrá ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Nínú yàrá, kọ́kọ́rọ́ dúró lójú ilẹ̀kùn, kì í wọ àpò ẹnikẹ́ni. Àwọn tí kò ní mọ́tò máa ń gbé báàgì, torí kò sí ibòmíì tí wọ́n lè fi ẹrù sí. Báàgì lọ sí ẹsẹ̀ fèrèsé, jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù rẹ̀ lọ sórí tábìlì, ojú rẹ̀ dé sílẹ̀, nítorí kámẹ́rà.

Owó ló kàn. Kí n tó gba tèmi, mo ní kó yọ owó mọ́tò rẹ̀ sọ́tọ̀ níṣojú mi. ₦3,000 ló yọ, ó ká a sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì: dánfó ẹsẹ̀ méjì, pẹ̀lú àlékún, torí bí òjò bá ṣú pẹ́nrẹ́n báyìí ni owó ọkọ̀ á ti gbéra. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe èyí, wọ́n rò pé kò kan àwọn. Ẹni tó bá san kọ́bọ̀ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ fún ẹ ló máa ní kó o dá díẹ̀ padà láago mẹ́sàn-án, ìjà tó sì le jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìjà owó tí wọ́n ti san tán. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá san ìyókù. Má wo àtẹ̀jíṣẹ́ o! Ayédèrú alert pọ̀ ju ojúlówó lọ lálẹ́ Ẹtì. Ṣí áàpù báǹkì rẹ, kí o wo iye tó wà ńbẹ̀ kó tó wọlé àti lẹ́yìn tó wọlé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró, ẹ jọ jókòó, ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n. Tirẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Ó lọ wẹ̀. Èyí náà wà nínú àdéhùn, torí òógùn dánfó kì í ṣe ohun àmúṣeré. Àkókò tó wà lábẹ́ omi ni mo fi ka owó àti àkókò mi fún ọ̀rẹ́ mi. Èmi kì í wẹ̀ kí báàgì mi má bá mi wọlé. Ó ní mọ́líìtì kan tó rà nínú súnkẹrẹ. Wọn ò tíì ṣí i, àmọ́ n kò mu ú. Bẹ́ẹ̀ ni n kì í jẹ́ kí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ méjì padà sílé mutí lọ́dọ̀ mi.

Kọ́ńdọ́ọ̀mù mi ni mo ń lò. Mẹ́rin ni mo máa ń gbé. Òun náà mú méjì wá, wọ́n wà nínú pọ́ọ̀sì lápò ẹ̀yìn. Mo ní kó dá wọn padà. Rọ́bà tí wọ́n jókòó lé lórí láti Agége, nínú ooru bẹ́ẹ̀, tí pọ́ọ̀sì ń lọ̀ ọ́, kì í ṣe rọ́bà tí mo lè fọkàn tán. Wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e: bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò bá tì ọ́ padà, ó ti jò. Lúbù olómi, ìyẹn ohun tó ń mú kó máa yọ̀, ni kí o lò. Vaseline, òróró àti ìpara máa ń jẹ rọ́bà, ibi tó ti ń bẹ́ nìyẹn. Bó bá bẹ́, oògùn PEP tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì náà kì í dúró de ọjọ́ Ajé. Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, wà nínú ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, wọn kì í gbowó. Nọ́ńbà DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, ni 08000 333 333, ti pàjáwìrì ni 112 tàbí 767.

Ohun tí mo yẹra fún lọ́jọ́ yẹn ni lílọ sílé rẹ̀. Ó béèrè. Bí mo bá máa lọ sọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà tí kò ní mọ́tò, òun á fowó ránṣẹ́, èmi ni màá pe Bolt lórí fóònù mi. Bí òun bá pè é, ojú ilé rẹ ló máa kọ sí ibi tí ọkọ̀ á ti gbé ẹ, ó sì lè yí ibi tí ẹ ń lọ padà lójú ọ̀nà láìbi ẹ́. Mo fi òpin ìrìn sí ibi táwọn èèyàn mọ̀ nítòsí, bí ilé epo, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ wé ti inú áàpù, mo jókòó sẹ́yìn, mo dán ilẹ̀kùn wò láti inú kí ọkọ̀ tó gbéra, mo sì fi líǹkì ìrìn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Dánfó tó ṣófo lóru ńkọ́? Kò sí iye tí wọ́n lè san. Gbogbo ará Èkó ló mọ one chance.

Ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi ti béèrè nígbà náà bóyá mo ti ra gáàrì. "Mo ti rà á" túmọ̀ sí pé àlàáfíà ni. "Ó ti tán lọ́jà" túmọ̀ sí kó pe òtẹ́ẹ̀lì, kó sì múra. Bí n kò bá dáhùn rárá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ní, á pè mí, á pe tábìlì, lẹ́yìn náà á mú ẹnìkan dání máa bọ̀. Pawabánkì wà nínú báàgì mi nítorí èyí, torí fóònù tó kú máa ń dà bí ẹni tó wà nínú ewu.

Òun ló kọ́kọ́ jáde. Mo dúró ní tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí ó fi fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ti jókòó nínú dánfó Oṣòdì, mo gbọ́ "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ò jẹ́ jọ dúró ní búsítọ́ọ̀pù pẹ̀lú kọ́sítọ́mà. Bó bá mọ ọkọ̀ tí o wọ̀, ó ti mọ àdúgbò rẹ dé ìdajì. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ibòmíì kí n tó wọ tèmi, mo sì pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ló kọ̀wé pé òun ti dé Agége. Mo pa àwòrán orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù mi, ọ̀rẹ́ mi náà pa tiẹ̀ rẹ́.