Orí Harrisia mi wú kókó, kí ni mo ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Harrisia mi, kákítọ́ọ̀sì ẹlẹ́gùn-ún yẹn, ti rudi, mi ò sì tíì rí òdòdó rẹ̀ rí. Tí mo bá jí láàárọ̀, ó ti rọ. Ṣé omi ni kò tó?

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe é. Òru ló máa ń tanná, alẹ́ kan péré sì ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ní, torí àfòpiná ló ń dúró dè, kì í ṣe oyin ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i tí ìrudi gùn gbọọrọ, tó funfun lórí, ẹ má tètè sùn.

Ìbéèrè: Orí ẹ̀ka rẹ̀ kan lọ́ pọ̀, ó wú bí ata-ilẹ̀, nǹkan funfun bí òwú sì wà láàárín.

Ìdáhùn: Há! Èyí lọ̀ràn. Kòkòrò ni òwú yẹn, Hypogeococcus lorúkọ rẹ̀. Orí ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ló ti ń fa oje. Ẹ̀ka á lọ́, kò sì ní ga mọ́. Ẹ ó rẹ́rìn-ín: àwọn ará Queensland ní Ọsirélíà fọwọ́ ara wọn gbé e wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni! Harrisia martinii, ọmọ Ajẹntínà àti Paraguay, ti bo pápá ẹran wọn, ni wọ́n bá tú kòkòrò yìí sí i ní 1975, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀ dáadáa. Ní erékùṣù Puerto Rico ẹ̀wẹ̀, òun tàbí ìbátan rẹ̀ ń pa kákítọ́ọ̀sì ìbílẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kó kú.

Ẹ gé e títí dé ibi tó mọ́, kí ẹ sun èyí tẹ́ ẹ gé. Ẹ má jù ú sẹ́yìnkùlé o, bí ègé kékeré bá kan ilẹ̀, ó ń ta gbòǹgbò. Ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rẹ sínú sípírítì nu ìyókù, kí ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ jìnnà sí àwọn yòókù, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè: Èyí tí mo gé gbìn lọ́jọ́sí jẹrà. Kò sì sun oje funfun bíi ti ọrọ́.

Ìdáhùn: Ọrọ́ ilé wa kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì, ẹbí mìíràn ni, ẹ má fi oje wọn wéra. Ti jíjẹrà yẹn, ẹ ò jẹ́ kójú ọgbẹ́ gbẹ ni. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lábẹ́ òjìji, lẹ́yìn náà kí ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀ oníyanrìn, láìbomi rin ín lójú ẹsẹ̀.