Páàdì awọ lábẹ́ okùn rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì: bí mo ṣe gé e, bí mo ṣe fi sí i

Ẹnu ihò ni okùn tí mo gé kúrò lára rákẹ́ẹ̀tì yìí ti já, lápá ọ̀fun, ìyẹn ìsàlẹ̀ orí rákẹ́ẹ̀tì níhà ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí okùn bá ti já ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ronú páàdì rárá. Bó bá jẹ́ àárín gbùngbùn ló ti já, níbi tí okùn òòró àti okùn ìbú ti ń fi ara gbo ara, páàdì kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn ike wínníwínní tí wọ́n ń há sí ojú ìpàdé okùn ló bá ìyẹn mu. Ṣùgbọ́n bó bá já ní ẹnu ihò, tí gírọ́mẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ (ike tí wọ́n fi bo inú ihò férémù) kò sì fọ́, a jẹ́ pé títẹ̀ tí okùn tẹ̀ lójijì níbẹ̀ ló pa á.

Ohun tí páàdì ń ṣe kò ju báyìí lọ: bí okùn bá jáde láti inú ihò kan, ó máa ń gba ẹ̀yìn férémù kọjá kó tó wọ inú ihò kejì. Etí ike gírọ́mẹ́ẹ̀tì ló ń tẹ̀ lé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ pátápátá níbẹ̀. Okùn ìfun màlúù kì í ṣe ẹyọ kan; ọ̀pọ̀ fọ́nrán tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni, èyí tó wà lóde títẹ̀ náà ló sì ń kọ́kọ́ já. Bí awọ bá wà lábẹ́ rẹ̀, okùn á rọra yí wọ ihò. Láti ayé rákẹ́ẹ̀tì onígi ni wọ́n ti ń ṣe é. Pete Sampras àti Roger Federer, àwọn ògbóǹtarìgì agbá tẹ́níìsì, wà lára àwọn tí a mọ̀ mọ́ ọn.

Okùn 16 lóòró, 19 níbùú, ni rákẹ́ẹ̀tì náà ń gbà. Okùn ìfun tó nípọn mìlímítà 1.30 ni mo lò fún òòró, ó gùn tó mítà 6.5, pọliẹ́sítà (okùn oníke) 1.25 ni ti ìbú, mítà 5.7. Agbára kílò 24 ni mo fi fa òòró, mo fi 23 fa ìbú.

Ara awọ tó ti wé ọwọ́ rákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan ni mo ti gé páàdì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju awọ tuntun lọ, nítorí pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ fún ọdún pípẹ́, kò ní rì mọ́ bí i ti tuntun. Nípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.5. Awọ rírọ̀ tó dà bí fóòmù kò dára, rọ́bà náà kò dára: okùn á máa rì sínú wọn lẹ́yìn tí ẹ ti fà á tán, agbára tí ẹ fi fà á á sì máa dínkù. Ẹ má sì rẹ awọ sómi kó lè rọ̀. Ọ̀tá okùn ìfun ni omi.

Wíwọn ni ó gba àkókò mi jù lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àlàfo láàárín ihò méjì kò dọ́gba káàkiri férémù. Láàárín ọ̀fun, ó jẹ́ mìlímítà 11 láti etí ihò kan dé etí ìkejì. Lápá orí, 9 péré ni. Mo gé ti ọ̀fun ní 10, mo gé ti orí ní 8, kí ìdajì mìlímítà kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fífẹ̀ gbogbo wọn jẹ́ 5. Bí páàdì bá gùn jù, ó máa bo ẹnu ihò, okùn á sì gé e wọnú ihò bó bá ti ń le. Bó bá kúrú jù, okùn á ré etí rẹ̀ kọjá, etí ike ni yóò tún tẹ̀ lé, ẹ ò sì tíì ṣe nǹkan kan. Mo fi sáńpépà pa etí méjèèjì kó rí roboto, mo fi píláyà fún páàdì kọ̀ọ̀kan dáadáa kó lè le. Ojú dídán awọ ló kọjú sí okùn. Mo fi ìda díẹ̀ pa ojú náà, nítorí pé awọ máa ń di okùn mú ju ike lọ bí ẹ bá ń fà á.

Márùn-ún ni mo gé: mẹ́ta fún ọ̀fun, méjì fún orí. Ọ̀fun ni okùn òòró ti bẹ̀rẹ̀ lára férémù yìí, torí náà ìkọjá àkọ́kọ́ wà láàárín àwọn ihò méjì tó wà ní àárín gan-an, lẹ́yìn náà ni ti ihò kejì sí ìkẹta ní ọ̀tún àti ní òsì. Lápá orí, ti ihò kìíní sí ìkejì ni, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lára rákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí, ìdàkejì ni. Ẹ ka ihò kí ẹ tó gé awọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé: kí ẹ tó fà okùn ni páàdì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Mo fi okùn bọ ihò méjì àárín, mo jẹ́ kí ó dẹ̀, mo ti páàdì sábẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ fà á díẹ̀ kó lè dúró. Mo fi kíláǹpù di okùn òsì mú, ẹ̀rọ sì fa ti ọ̀tún. Okùn rọra wọ inú awọ títí ó fi dé bí ìdajì nípọn ara rẹ̀, awọ dún díẹ̀ bíi bàtà tuntun. Mo tẹjú mọ́ ọn: bí okùn kò bá sí láàárín páàdì, páàdì á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti ọ̀tún lápá orí ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo dẹ okùn padà, mo tún un tò, mo fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fẹ́ fi irin ṣóńṣó tì í bọ̀ sípò nígbà tí okùn ti le, ara okùn ìfun ni yóò fi irin náà ya.

Ẹ̀rọ tí mo lò kì í dá fífà dúró títí kíláǹpù yóò fi dì í mú, torí náà mo jẹ́ kó fà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lórí okùn tó ní páàdì, kí awọ rì tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó máa ń tì pa tó bá ti dé kílò tí ẹ fẹ́, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì, torí pé gbogbo rírì tí awọ bá rì lẹ́yìn tó ti tì, kílò ló ń lọ níbẹ̀. N kò fi kílò kún un.

Páàdì orí ni mo ń ṣọ́ra fún jù. Kòtò ike tó bo orí férémù kò jìn. Bí awọ bá nípọn jù, okùn á yọ síta, yóò sì máa ha ilẹ̀ pápá nígbà tí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù tó lọ sílẹ̀. Mo fi abẹ fá tiwọn sí mìlímítà 1, mo sì fi etí rúlà kọjá orí rẹ̀ láti wò ó: okùn kò kan rúlà. Bí ti férémù yín bá kan án, ẹ yọ páàdì orí, kí ẹ fi ti ọ̀fun nìkan sílẹ̀. Ọ̀fun kò ní ìṣòro yìí.

Mi ò fi páàdì sábẹ́ okùn ìbú, mi ò sì fi síbi tí wọ́n ti ń ta kókó, nítorí pé ihò ibẹ̀ ń gba okùn méjì. Mi ò fi gọ́ọ̀mù lẹ ìkankan. Gọ́ọ̀mù máa ń gan, etí rẹ̀ á sì máa gé okùn.

Mo fi bírò kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn páàdì kọ̀ọ̀kan kí n tó fi sí i, torí pé gígùn wọn kò dọ́gba. Nígbà tí okùn yìí bá tún já, àwọn tí ipa okùn kò bá tíì jìn kọjá ìdajì nípọn wọn yóò padà sí ihò wọn, ìyókù á di jíjù nù.