Bí mo ṣe wọn eré tí ìròyìn ń sá nínú iṣan ekòló

Ekòló kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14, abẹ́rẹ́ márùn-ún, ańpílífáyà ọlọ́nà méjì (ẹ̀rọ tó ń sọ àmì iná kékeré di ńlá, tó sì ń gba àmì láti ibi méjì) àti kọ̀ǹpútà: iṣẹ́ yìí kò gbà ju ìyẹn lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iye mítà tí ìròyìn ń sá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú iṣan ìmọ̀lára ekòló bí nǹkan bá kan orí rẹ̀, àti bí nǹkan bá kan ìrù rẹ̀. Iye méjèèjì kì í dọ́gba. Ibi tí iṣẹ́ náà sì ti ń dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ kì í sábà jẹ́ ibi tí a ń fọkàn sí, torí náà màá pẹ́ díẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́ àti rúlà.

Okùn iṣan kan ló gba abẹ́ ikùn ekòló láti orí dé ìrù. Nínú okùn yìí ni fọ́nrán ńlá mẹ́ta wà, ọ̀kan láàárín, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti àárín ló sanra jù, bíi 0.07 mm, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ tó bíi 0.05 mm. Àwọn méjì ti ẹ̀gbẹ́ so kọ́ra, bí ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìhà orí ni fọ́nrán àárín ti ń gba ìròyìn, ìhà ìrù ni ti ẹ̀gbẹ́ ti ń gbà á. Iná ni ìròyìn yìí: bí fọ́nrán bá sanra, iná inú rẹ̀ kì í rí ìdènà púpọ̀ lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí eré rẹ̀ fi máa ń le. Gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á fò sókè tàbí wálẹ̀ fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdù kan, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Spike ni wọ́n ń pè é ní yàrá ìwádìí. Ṣóńṣó ni màá pè é níbí, torí bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Oorun ekòló ni mo kọ́kọ́ ṣètò. Mo da mílílítà 10 ògidì ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí) mọ́ mílílítà 90 omi tó mọ́ tí kò ní kẹ́míkà apakòkòrò, mo sì fi ekòló sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4 sí 5. Èyí tó bá ti sùn dáadáa, bí ẹ bá gbé e sókè á rọ̀ wálẹ̀ bí okùn bàtà, kò ní ká kò bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi omi tútù ṣan ọtí kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá pé ìṣẹ́jú 3, ẹran ara rẹ̀ á ṣì máa fò, iná ẹran á sì bo ti iṣan mọ́lẹ̀. Bó bá sì pẹ́ jù, ìròyìn gan-an á dákẹ́: èyí tí mo fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 8 kò mú ṣóńṣó kankan wá fún bí ìdajì wákàtí, bẹ́ẹ̀ ni kò kú. Ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lójú ekòló ni a ń wá. Lákòókò náà, ẹran á ṣì rọ̀, fọ́nrán ńlá á ti jí.

Mo tẹ́ ekòló sórí pátákó fóòmù, ẹ̀yìn sókè. Ẹ̀yìn ló dúdú jù, ikùn ló mọ́ra díẹ̀. Ibi tó wú bí ọ̀já ara rẹ̀ ló máa sọ fún yín ibi tí orí wà, torí ìhà orí ni ọ̀já náà súnmọ́. Ẹ̀yìn ọ̀já yìí ni mo gún abẹ́rẹ́ sí. Tí a bá ń wọ̀n láti ẹnu, abẹ́rẹ́ méjì ọ̀nà kìn-ín-ní wà ní mílímítà 55 àti 60, ti ọ̀nà kejì wà ní 85 àti 90, ìkarùn-ún tó jẹ́ ti wáyà ilẹ̀ (èyí tí ọ̀nà méjèèjì ń fi àmì wọn wé) sì wà láàárín wọn ní 72. Abẹ́rẹ́ tínínrín tí wọ́n fi ń kan kòkòrò mọ́ pátákó ló dára jù, kì í dógùn-ún, kì í sì í ya ihò ńlá. Ẹ má ṣe gún un ní àárín gbùngbùn: okùn iṣan wà lábẹ́ ibẹ̀, abẹ́rẹ́ tó bá gé e ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Mílímítà kan sí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ti tó.

Awọ ni ekòló fi ń mí, kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n omi tó bá dá adágún sábẹ́ rẹ̀ á so abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn, ṣóńṣó á sì kéré títí kò fi ní ṣeé rí mọ́. Nínú gbogbo ohun tó ń bani níṣẹ́ jẹ́, èyí ló ń fara pa mọ́ jù, torí ìlà á mọ́ tónítóní, kò ní ariwo kankan, ẹ ó sì rò pé ekòló ló kú. Bébà tó ń fa omi ni mo fi ń gbẹ abẹ́ rẹ̀ láàárín abẹ́rẹ́ sí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni mo á fi búrọ́ọ̀ṣì tínínrín kan omi sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan.

Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Níbi iṣẹ́ yìí, wáyà ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ júbà. Bí kílíìpù rẹ̀ kò bá di abẹ́rẹ́ mú dáadáa, ìgbì ńlá tó ń padà wá ní gbogbo mílísẹ́kọ́ǹdù 20 ló máa bo ojú kọ̀ǹpútà: ariwo iná ògiri nìyẹn, níbi tí iná bá ti jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìgbì 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó pa á fún mi nìyí, bí mo ṣe ṣe é tẹ̀léra: mo tún kílíìpù ilẹ̀ dì, mo yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò kí ó máa lo bátìrì, mo pa iná orí tábìlì, mo lọ́ wáyà méjèèjì ọ̀nà kọ̀ọ̀kan mọ́ra wọn, mo sì fi àpótí onírin tí a so mọ́ ilẹ̀ kan náà bo gbogbo rẹ̀. Ẹ má kánjú tan asẹ́ tó wà lára ańpílífáyà láti yọ 50 Hz kúrò nínú àmì. Ó ń yí ìrísí ṣóńṣó padà.

Ańpílífáyà mi sọ àmì di ìlọ́po 1,000, asẹ́ rẹ̀ sì gba ohun tó wà láàárín 300 Hz sí 5,000 Hz kọjá. Ìwọ̀n asẹ́ ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá. Gbogbo asẹ́ ló máa ń dá àmì dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ kó kọjá; bí ọ̀kan bá dá a dúró ju èkejì lọ, ìyàtọ̀ náà á wọ inú èsì yín láìkan ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ń ka àmì ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo mílísẹ́kọ́ǹdù 0.05. Kí n tó gbé ekòló wá rárá, mo fi àmì kan náà sínú ọ̀nà méjèèjì láti rí i bóyá wọ́n á bọ́ sí ibì kan náà lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan wà tó ń ka ọ̀nà kìn-ín-ní kó tó ka èkejì, kì í ka méjèèjì pọ̀. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò kò ní mọ̀.

Ọ̀pá gíláàsì tó rí róbótó lẹ́nu ni mo fi kan orí ekòló. Irin kò dáa, ọwọ́ lásán kò dáa, torí àwọn méjèèjì ń gbé iná ògiri wọlé. Ẹ fi ọ̀pá náà tọ́ ọ lójijì, ẹ má fọ́ ọ. Bó bá bọ́ sí i, ṣóńṣó á jáde lọ́nà kìn-ín-ní, lẹ́yìn náà lọ́nà kejì. Bí ẹ bá tọ́ ìrù, ọ̀nà kejì ló máa ṣáájú, ṣóńṣó náà á sì kéré sí ti orí. Ohun tó bá hàn lọ́nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ìròyìn iṣan, pátákó ló mì tàbí wáyà ló fò. Èyí tó wúwo, tó rí págunpàgun, tó sì wá lẹ́yìn ṣóńṣó, tí kì í tètè lọ, iná ẹran ara ni. Bó bá ti ń pọ̀ sí i, ekòló ń jí nìyẹn.

Ẹ má tọ́ ọ léraléra. Ó máa ń mọ́ ọn lára kíákíá, ṣóńṣó á sì dáwọ́ dúró. Mo ń fi ìṣẹ́jú kan sí méjì sílẹ̀ láàárín ìgbà kan sí èkejì, mo sì gba mẹ́wàá láti orí, mẹ́wàá láti ìrù. Nígbà mìíràn ìtọ́ kan á mú ṣóńṣó méjì tàbí mẹ́ta jáde. Ti àkọ́kọ́ lọ́nà kan ni kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́ lọ́nà kejì. Bí ẹ bá ṣì í mú, eré á di ohun tí kò ṣeé gbà gbọ́ rárá. Góńgó ṣóńṣó ni mo ti ń wọn àkókò, lọ́nà méjèèjì. Ẹ má wọn ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan kí ẹ wá wọn góńgó èkejì.

Kí ló dé tí a fi lo ọ̀nà méjì? Torí kò sí ẹni tó mọ ìgbà gan-an tí ọ̀pá kan awọ, a kò sì mọ bó ṣe pẹ́ tó kí awọ tó fi ìròyìn lé fọ́nrán lọ́wọ́. Bí a bá mú ìyàtọ̀ láàárín ibi méjì, gbogbo àìmọ̀ yẹn á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ọgbọ́n yìí náà ni Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ará Jámánì, ta ní 1850, nígbà tó tan iná sí iṣan ẹsẹ̀ àkèré níbi tó súnmọ́ ẹran àti níbi tó jìnnà, tó sì yọ àkókò ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ó rí eré tó tó bíi mítà 27 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lásìkò tí àwọn onímọ̀ kan ń sọ pé kò ní ṣeé wọ̀n láéláé.

Ó wá ku rúlà. Láti abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ọ̀nà kìn-ín-ní dé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ọ̀nà kejì ni ìjìnnà tòótọ́, ìyẹn 55 sí 85, mílímítà 30. Ojú máa ń fẹ́ wọn àlàfo tó wà láàárín, 60 sí 85, torí òun ló hàn gbangba. Mílímítà 25 ni ìyẹn, ó sì ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́fà eré náà. Ara ekòló pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gún régé láìjẹ́ pé ẹ fà á: bó bá tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ láàárín abẹ́rẹ́, rúlà á gba ọ̀nà tààrà, iṣan á gba ọ̀nà tó jìn. Nígbà tó bá ń jí, ó máa ń tẹ̀ báyìí, torí náà mo ń tún wọn ìjìnnà lẹ́yìn gbogbo ìtọ́ márùn-ún.

Láti orí, mílísẹ́kọ́ǹdù 1.55 ni ìpíndọ́gba àkókò láàárín ọ̀nà méjèèjì: 30 pín sí 1.55, mítà 19.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ìrù, 2.85, ìyẹn mítà 10.5. Yàrá wà ní 22 °C. Ẹ kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀, torí òtútù máa ń dín eré kù. Bí mo bá fi àlàfo 25 ṣe ìṣirò ti orí, 16.1 ni ì bá jáde, kò sì sí ohun tí ì bá sọ fún mi pé irọ́ ni. Ẹ wo èyí náà: àṣìṣe mílímítà kan péré lórí rúlà jẹ́ ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kíkà kan lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ 3.2. Ẹni tó fi owó ra ẹ̀rọ tó ń ka àmì yára ju èyí lọ, tó sì fojú wọn abẹ́rẹ́ lásán, kò rí nǹkan kan jèrè.

Bí iṣẹ́ ti parí, mo yọ abẹ́rẹ́ ilẹ̀ gbẹ̀yìn, mo fi omi ṣan ekòló, mo sì gbé e sínú ilẹ̀ tútù nínú ike tí a lu ihò sí. Ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ bí igi, lẹ́yìn náà orí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ikun ekòló tó bá gbẹ mọ́ ọn kì í jẹ́ kó gba iná dáadáa mọ́.