Mímọ Iyì Aṣọ Òfì àti Títọ́jú Rẹ̀ Nílé

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún ìdílé

Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ló ní aṣọ òfì, tí à ń pè ní aṣọ òkè, nínú àpótí. Òmíràn jẹ́ ti ìgbéyàwó: wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá ìsàlẹ̀ àpótí lọ. Òmíràn jẹ́ ti bàbá bàbá, àwọn tó jogún rẹ̀ kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n tà á, kí wọ́n gé e rán báàgì, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra tuntun àti ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí tilé já mọ́ la kọ ìwé yìí fún. Ohun kan la máa tẹnu mọ́ jù: òde kì í sábà ba aṣọ òfì jẹ́. Àpótí ló ń bà á jẹ́, àti ìtọ́jú tí a rò pé a ń ṣe fún un.

Ojú rírán ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Òfì, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń hun aṣọ yìí, èyí tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí, irú èyí tí ẹ ó bá lábẹ́ àtíbàbà ní Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin, kì í hun aṣọ fífẹ̀. Awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń tinú rẹ̀ jáde, nǹkan bí ínṣì 4 sí 6 ní ìbú, ṣùgbọ́n tó gùn gbọọrọ. Awẹ́ yìí ni a ń gé, tí a ń tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a sì ń rán pọ̀ kó tó di ìró, gèlè tàbí agbádá. Aṣọ tí kò bá ní ojú rírán rárá, tó jẹ́ pé ilà ni wọ́n yà sí i lára kó lè jọ awẹ́, ẹ̀rọ ló hun ún.

Ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ fi ìka ya ojú rírán kan sọ́tọ̀ díẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù yín sún mọ́ ọn, kí ẹ fà á kó tóbi. Ní etí awẹ́ tí ọwọ́ hun, ẹ ó rí òwú tí ọ̀kọ̀, igi tí ahunṣọ ń jù láti ọwọ́ kan sí èkejì, gbé kọjá: ó dé etí, ó yí po, ó tún padà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìsàlẹ̀. Etí náà pé fúnra rẹ̀, kò sí pé a gé e, kò sí pé òwú ń tú jáde. Ẹ ó tún rí i pé awẹ́ náà kò dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Níbì kan ó fẹ̀ díẹ̀, níbòmíràn ó fún mọ́ra, nítorí ọwọ́ ènìyàn tó ń hun nǹkan láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í wúwo bákan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àbùkù nìyẹn.

Ẹ má sì tìtorí èyí kọ aṣọ fífẹ̀ sílẹ̀. Òfì àwọn obìnrin, èyí tí a ń gbé nàró, máa ń hun aṣọ tó fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Ibẹ̀ ni kíjìpá ti wá, aṣọ òwú tó nípọn, tí kì í tètè gbó. Àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, àwọn Ẹ̀bìrà ní Òkènè náà sì mọ̀ ọ́n. Bí aṣọ bá fẹ̀, etí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Etí tí òwú yí po sí sábà máa ń jẹ́ ti ọwọ́. Ti ẹ̀rọ, wọ́n sábà máa ń gé e, tàbí kí ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tò lọ ní etí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aṣọ sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Àwọn ahunṣọ kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sára aṣọ fún ẹwà, ihò bẹ́ẹ̀ sì máa ń tò létòlétò. Àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ káàkiri láìní ètò, ahunṣọ kò lu òwú rẹ̀ mọ́ra, aṣọ náà á sì máa fà lẹ́yìn òde méjì, mẹ́ta.

Òwú ló ń sọ iye

Lára òwú ni owó aṣọ wà. Ẹni tó ń ra aṣọ òfì nítorí pé ó ń dán yóò san owó tí kò yẹ.

Sányán ni baba aṣọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ baba aṣọ yìí ni ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù. Sányán gidi kì í ṣe òwú oko. Kòkòrò igbó kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe ló ń ṣe é: wọ́n á kó ara wọn jọ sórí igi, wọ́n á sì hun àpò kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń gbé. A ó já àpò náà, a ó sè é nínú omi eérú kó lè rọ̀, a ó fọ̀ ọ́, kí a tó fi ìrànwú ran án. Ìdí nìyẹn tí òwú sányán gidi kì í fi í rí bákan náà látòkèdélẹ̀. Ó ní kókó kéékèèké, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa yí láàárín àwọ̀ iyanrìn àti pupa rẹ́súrẹ́sú, kì í dán yanran. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lónìí pẹ̀lú orúkọ yìí, òwú lásán tí wọ́n rẹ láró ni. Kò burú láti rà á, ó lè lẹ́wà. Owó sányán gidi ni kí ẹ má san lé e.

Àlàárì àtijọ́, èyí tí pupa rẹ̀ sún mọ́ èsè àlùkò, ṣẹ́dà, ìyẹn sílíìkì, tí àwọn oníṣòwò kó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ni wọ́n fi ń hun ún. Tòde òní jẹ́ òwú tàbí réyọ́ọ̀nù, òwú tí ilé iṣẹ́ ń ṣe láti ara igi. Bí ẹ bá ní àlàárì tó ti wà kí a tó bí àwọn òbí yín, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni. Ti ẹtù jẹ́ òwú tí a rẹ sínú aró èlú léraléra títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí a wá fi ilà tín-ín-rín tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ là á. Bí aró díẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ fọwọ́ pa ẹtù tuntun, ìwà èlú ni. Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣàn nínú omi. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ tẹ ibi tó fara sin, kí ẹ kà dé ọgbọ̀n. Bí pupa tàbí búlúù bá yọ gàdàgbà sára aṣọ funfun náà, ẹ mọ̀ pé aṣọ yìí kò gbọdọ̀ fojú kan omi láéláé.

Ìdánwò iná ni kì í purọ́. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ni aṣọ, kí ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ níbi tí wọ́n ti gé e, kí ẹ fi nǹkan irin mú un, kí ẹ sì ṣáná sí i lókè àwo. Òwú oko á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á fúyẹ́. Réyọ́ọ̀nù náà á ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìdánwò yìí kò lè ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀. Sányán àti ṣẹ́dà á rùn bí irun tó jóná, wọ́n á sì fi èédú dúdú tó rọrùn láti rún sílẹ̀. Pọ́lísítà á yọ́, á ká jọ, á sì di kókó líle. Òwú ṣáínṣáín náà á yọ́, torí pé rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi irin kùn ló wà nínú rẹ̀.

Nípa ṣáínṣáín, àti òkúta dídán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gèlè: wọ́n dára lójú fọ́tò, wọn kò fi iyì kún aṣọ. Ibi tí a bá ṣẹ́ òwú ṣáínṣáín sí ló ti ń là, àtè tó mú òkúta á sì gbẹ, á jábọ́, á fi àmì sílẹ̀.

Aṣọ àtijọ́

Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ òfì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí àkísà rẹ̀ lè níye lórí ju tuntun lọ, bí òwú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ọwọ́ ran, tí aró rẹ̀ jẹ́ ti ewé. Àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá, ọkọ̀ ojú omi ń kó aṣọ àwọn ahunṣọ wa láti Èkó lọ sí Bahia ní Brazil. Pano da costa ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ibẹ̀, sì ń dà á bora títí dòní.

Iyì irú aṣọ yìí ń lọ sókè bí ìtàn rẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀: ta ló wọ̀ ọ́, ọjọ́ wo, ìlú wo ni wọ́n ti hun ún. Fọ́tò ẹni náà nínú aṣọ ọ̀hún ju ẹ̀rí ẹnu lọ. Ibi tí a fi ọwọ́ tún rán kò bu iyì rẹ̀ kù tó bí a ṣe rò. Gígé ló ń pa á. Bí ẹbí bá pọ̀ tí aṣọ jẹ́ ẹyọ kan, kí ẹnì kan gbà á tọ́jú fún gbogbo yín. Agbádá sányán tí wọ́n gé pín fún ọmọ mẹ́fà ti di ègé mẹ́fà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí òde bá tú

Ẹ má tètè ká aṣọ sínú àpótí ní alẹ́ ọjọ́ òde. Òógùn wà lára rẹ̀, àti lọ́fínńdà, ó sì ṣeé ṣe kí ọbẹ̀ ti ta sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ àmọ́ tí oòrùn kò dé, títí di ọjọ́ kejì ó kéré tán. Oòrùn tààrà ń ṣí àwọ̀ aṣọ, èyí tó bá sì ṣí kò ní padà mọ́. Bí epo bá ta sí i, ẹ fi àtíkè funfun tí kò ní àwọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kó fa epo náà, kí ẹ wá rọra gbọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ọwọ́ ra á. Lọ́fínńdà, ara ni kí ẹ fín in sí, kó gbẹ, kí ẹ tó wọṣọ.

Fífọ̀ ńkọ́? Kíjìpá àti aṣọ òwú tí aró rẹ̀ kò ṣàn ṣeé fọ̀ nínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, láìfún un. Sányán, ṣẹ́dà àti oníṣáínṣáín, ẹ má fọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá gbé wọn fún alágbàfọ̀, ẹ sọ irú òwú tó jẹ́ fún un lójúkojú, nítorí iná áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan ti tó láti yọ́ ṣáínṣáín. Nílé, ẹ yí inú aṣọ síta, ẹ tẹ́ aṣọ funfun lé e, kí áyọ́ọ̀nù má gbóná púpọ̀.

Inú àpótí

Òólá, kòkòrò ajẹṣọ, fẹ́ràn sányán àti ṣẹ́dà ju òwú lọ, nítorí pé ara kòkòrò ni wọ́n ti wá. Kò ka òwú mímọ́ sí nǹkan kan, àmọ́ á jẹ òwú tí òógùn àti ọbẹ̀ wà lára rẹ̀. Aáyán àti eku kì í ṣàyàn. Ikán ní tirẹ̀ ilẹ̀ ló ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ gbé àpótí lé búlọ́ọ̀kù, kó má fara kan ògiri.

Káfúrà ni ọ̀pọ̀ wa gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ń lé òólá lóòótọ́, bí àpótí bá pa dé dáadáa. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní G6PD tó, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa. Bí wọ́n bá fi aṣọ tó ti bá káfúrà gbé wé ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n. Èyí ti ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì ti pa ọmọ. Ìró tàbí ìborùn tí ẹ máa fi pọ̀nmọ tàbí gbé ọmọ jáde kò gbọdọ̀ bá káfúrà gbé rárá. Níbi tí ẹ bá ti lò ó, ẹ di í sínú aṣọ kékeré, kó má kan aṣọ òfì, kí ẹ sì pa á mọ́ fún àwọn ọmọdé, wọ́n máa ń rò pé súìtì ni.

Ohun tó ju káfúrà lọ ni kí ẹ máa ṣí àpótí. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, ẹ kó aṣọ jáde, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ wo inú ìṣẹ́po, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ gba ojú ibòmíràn. Bí ọ̀pá páálí bá wà, ẹ ká aṣọ náà yí i ká, pàápàá oníṣáínṣáín. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀ mọ́ wé ọ̀pá náà. Ọ̀rá kò dára fún ìgbà pípẹ́, ó ń há ọ̀rinrin mọ́ aṣọ. Bí ẹ bá rí i pé aṣọ ti bu lásìkò òjò, ẹ bo imú, ẹ gbé e síta lábẹ́ ibòòji, kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n. Èyí tí ẹ bá gbọ̀n ní tútù á tàn káàkiri ni.

Bí òólá bá ti wọ̀ ọ́, fírísà ń pa á. Ẹ di aṣọ sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò gbà wọlé, kó wà nínú òtútù −18 °C fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó lo ọjọ́ kan gbáko níta kí ẹ tó tú ọ̀rá náà. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí fírísà ń yọ́, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ́nù ló lè lò ó jù, níbi tí òólá kò fi ojú rere wo aṣọ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó pa àpótí dé, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó ni aṣọ, ìlú tí wọ́n ti hun ún àti òde tí wọ́n wọ̀ ọ́ sí sára ègé aṣọ funfun, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rọra gán an mọ́ ìṣẹ́tí. Bírò á ṣàn, pín-ìnnì á sì dípẹtà.