Ìpàdé ìlú ni a ń gbà wọ ìwé àwọn aláìní

Láti ọdún 2016 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìdílé tálákà ní owó ìrànwọ́, tó jẹ́ ₦5,000 lóṣù nígbà náà, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ₦25,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta fún ìdílé mílíọ̀nù 15, inú ìwé kan náà ni wọ́n ti ń mú orúkọ, èyí tí a mọ̀ sí National Social Register. A kì í ra fọ́ọ̀mù rẹ̀, kò sì sí nínú àwọn líǹkì tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Ìpàdé ìlú ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbà wọ inú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀ yín, tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ orúkọ sínú ìwé yìí ń bọ̀ ní àdúgbò yín. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin á jókòó lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ náà lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣẹ́ nílùú wọn, wọ́n á sì dárúkọ àwọn ilé tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó jọ fi orúkọ wéra ní gbangba. Ẹ má fi ìpàdé yìí sílẹ̀ fún baálé ilé nìkan. Lójú tèmi, ọ̀wọ́ àwọn obìnrin ló ṣe pàtàkì jù, torí àwọn ni wọ́n mọ opó tí kì í dáná lálẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ á wá sílé. Kí ẹni tó mọ ilé dáadáa dúró dè é, nítorí á béèrè iye ẹni tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, irú òrùlé àti ilẹ̀ ilé, ibi tí ẹ ti ń pọn omi, bóyá igi lẹ fi ń dáná, àwọn ọmọ tó ń lọ ilé ìwé, àti ẹran ọ̀sìn. Àwọn kan máa ń ti ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni pé ewúrẹ́ kì í ké! Gbogbo ìdáhùn ni kọ̀ǹpútà ń ṣírò pọ̀ láti fi to àwọn ilé láti orí ẹni tó tálákà jù, nítorí náà ewúrẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ló ń pinnu.

Ibi tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ báyìí ni NIN. Wọ́n dá owó náà dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 láti yẹ ètò náà wò, wọ́n sì wá ń fi NIN yẹ orúkọ àwọn tó máa gbà á wò. Bí ìwé NIN bá kọ Sikiratu, tí ti bánkì sì kọ Sikirat, ẹ lọ tún un ṣe kí àsìkò tó tó.

Wíwà nínú ìwé kò túmọ̀ sí pé owó á wọlé lọ́la. Bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù ní àkókò tí ẹ ń retí, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ètò náà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín mọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni kí ẹ gbé ẹ̀sùn lọ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun tó kọ orúkọ yín.