Ọ̀nà tí mo fi san owó ilé-ìwé àbúrò mi láti Òṣogbo

BEA ni àbúrò mi kọ́kọ́ gbójú lé, sikọ́láṣíìpù tí ìjọba àpapọ̀ fi máa ń rán ọmọ lọ sí Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Morocco àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ní 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní àwọn ẹ̀kọ́ náà wà nílé, ó sì bi wá pé kí ni ọmọ Nàìjíríà ń wá lọ sí Algeria tó fi fẹ́ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. N ò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ àbúrò mi ò kúkú fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ló bá di owó ẹbí. Ó rí ilé-ìwé ní Ìlú Ọba, èmi tí mo ń ta aṣọ ní Òkè-Fìà ni owó sì já lé léjìká. Fọ́ọ̀mù A ló kù tí ìjọba fi ń ran irú wa lọ́wọ́. Kì í ṣe owó ọ̀fẹ́ o. Òun ni ẹ ó fi ra owó òkèèrè ní báńkì, tí báńkì á sì fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé-ìwé. Kí wọ́n tó pa ọjà owó òkèèrè pọ̀ ní oṣù kẹfà 2023, èrè rẹ̀ pọ̀ gan-an, torí iye tí báńkì ń tà á jìnnà sísàlẹ̀ sí ti ìgboro. Báyìí, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà mọ́. Ẹnì kan ní kí n lọ bá àwọn abọ́kí tó ń ṣẹ́ owó ní Sábó, àmọ́ owó ọwọ́ ni tiwọn, kì í ṣe èyí tí mo lè fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń kọ fọ́ọ̀mù náà, ọ̀fẹ́ ni. Mo gbé BVN, lẹ́tà ìgbaniwọlé, pásípọ́ọ̀tù àti ìnfọ́ìsì ilé-ìwé lọ sí kafé.

"Mọ̀mí, ẹ jẹ́ n yára, iná fẹ́ lọ."

Èmi náà ń kánjú. A parí rẹ̀ kíá, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo buwọ́ lù ú.

Ní báńkì, ọmọbìnrin tó gbà á tẹ́ pásípọ́ọ̀tù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnfọ́ìsì, ó ń fi bírò tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó dúró.

"Mà, ẹ wo ibí." Pásípọ́ọ̀tù ní Oluwaseun, ìnfọ́ìsì ní Seun.

"Ẹnì kan náà ni."

"Mo mọ̀, mà. Wọn ò ní gbà á lókè."

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló kọ Seun fún ilé-ìwé! Ọjọ́ mẹ́fà kí ìnfọ́ìsì tuntun tó dé, a sì tún fọ́ọ̀mù kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, pọ́n-ùn gbéra sókè. Mo ta ṣẹ́ẹ̀dà méjì ní iye tí mo rà wọ́n kí owó lè pé.

Báńkì fún mi ní ìwé SWIFT, ẹ̀rí pé wọ́n ti fi owó ránṣẹ́, mo ya fọ́tò rẹ̀ sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ilé-ìwé ní owó ti dé, ó kàn dín pọ́n-ùn méjìdínlógún. Báńkì tí owó náà gbà kọjá lójú ọ̀nà ló yọ ọ́. Seun, ẹ má bínú, Oluwaseun, ló san ìyẹn.